Àánú Tó Ń Bá Èéfín Lọ

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òdodo ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, fídíò kan gba orí fóònù gbogbo ayé kan. Iná ń jó igbó ní ìpínlẹ̀ New South Wales, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Obìnrin kan bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó sáré wọ àárín iná, ó fi ẹ̀wù náà wé kòálà kan tí ara rẹ̀ ti bó, ó sì gbé e jáde. Ẹranko náà ń ké bí ọmọ ọwọ́. Àwọn tó ń wò ó náà ń ké. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé lórí WhatsApp, wọ́n kọ "Olúwa, ṣàánú" sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ojú tó ń sunkún mẹ́ta tì í.

Kòálà yẹn lórúkọ. Lewis ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn kòálà tó wà nílùú Port Macquarie. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣe gbogbo ohun tágbára wọn ká, àmọ́ egbò iná náà kò san. Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n rí i pé ìrora ni wọ́n kàn ń fi kún ìrora fún un, wọ́n bá fún un lábẹ́rẹ́ tí yóò sùn tí kò ní jí mọ́. Nínú gbogbo ẹni tó pín fídíò àkọ́kọ́, èèyàn mélòó ló gbọ́ bó ṣe parí?

Ibi tí ìjà wa wà nìyẹn. Àánú tó bá èéfín dé, tó tún bá èéfín lọ, ìran wíwò ni, kì í ṣe àánú. Iná lè jó fún oṣù mélòó kan, àmọ́ àwọn tó ń tún ohun tó bà jẹ́ ṣe ń fi ọdún gbọọrọ ṣe é, níbi tí kámẹ́rà kankan kò ti sí. Ẹ̀sùn tá a gbé wá lónìí, ìran tiwa tá a jẹ́ ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì la gbé e wá fún: ẹ fẹ́ràn ẹranko tó ń jóná ju ẹranko tó ń wò sàn lọ, ẹ sì fẹ́ràn àwọn méjèèjì ju igbó tí wọ́n ń gbé lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀ràn náà ṣe tóbi tó. Ọdún 2019 ni ọdún tó gbóná jù, òun náà ló sì gbẹ jù, látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ ní Ọsirélíà. Nígbà tí iná fi máa kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, èèyàn 33 ló ti bá a lọ, ilé tó jó sì lé ní 3,000. Ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí àjọ WWF gbéṣẹ́ fún ṣírò rẹ̀ pé ẹranko tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 3 ni iná náà pa tàbí tó lé kúrò níbùgbé wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in: ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́yàn, mílíọ̀nù 143, ẹyẹ, mílíọ̀nù 180, ọ̀pọ̀lọ́, mílíọ̀nù 51, aláǹgbá, ejò àtàwọn ìbátan wọn, bílíọ̀nù 2.46. Kòálà tó wà nínú gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní 60,000.

Ẹ ṣe ìṣirò yẹn lórí fóònù yín. Bí iná bá kan kòálà kan, ó kan aláǹgbá àti ejò bíi 40,000. Ta ló sunkún aláǹgbá? Ta ló ya àwòrán ejò tó kú sínú ihò, tó kọ "ó dun mí wọra" sábẹ́ rẹ̀? Aláǹgbá ò rẹwà lójú fóònù, ìyẹn ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àánú tó jẹ́ pé ó ní láti kọ́kọ́ wo ojú ẹni kó tó dìde, ẹ jọ̀ọ́, àánú wo nìyẹn?

Ní ọdún 2022, nígbà tó ti lé ní ọdún méjì tí iná ti kú, àwa mẹ́rin tá a jẹ́ ọmọ Yorùbá, tá a ń gbé nílùú Melbourne, wọkọ̀ lọ sí East Gippsland, lápá ìlà oòrùn ìpínlẹ̀ Victoria. Ilé ìtọ́jú ẹranko igbó kan la ń lọ, ká lọ bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Agbègbè yẹn ló ní etí òkun Mallacoota, níbi tí nǹkan bí èèyàn 4,000 sá lọ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2019, nígbà tí ọ̀sán dòru lójú wọn, tí ojú ọ̀run wá pọ́n bí epo pupa, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun sì padà wá kó èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan kúrò níbẹ̀. Lójú ọ̀nà, igbó tá a kọjá kò rí bí igbó tó ti kú, kò sì rí bí èyí tó yè. Igi dúdú lọ súà, ewé tútù sì ń hù lára ìtì wọn látìsàlẹ̀ dókè bí irun àyà. Bí igi yukalíptọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí iná bá jó o tí kò pa á. Ẹni tó bá yà á ní fọ́tò lórí eré lè sọ pé igbó ti padà bọ̀ sípò. Ẹ máa bá wa bọ̀, ẹ ó rí i pé kò tíì dé.

A ò ní dárúkọ ilé ìtọ́jú náà, torí àwọn tó ni ín ò fẹ́ àlejò, òfin gan-an ò sì fẹ́ ẹ. Ní Victoria, irú ilé báyìí kì í ṣe ọgbà ẹranko. Àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń dá a sílẹ̀ nínú ilé tiwọn, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba. Wọn kì í gba owó oṣù. Àpò ara wọn ni wọ́n fi ń ra wàrà, oògùn àti epo ọkọ̀, àfi bí ẹnì kan bá ta wọ́n lọ́rẹ, tàbí kí ìjọba fún wọn ní ìrànwọ́ díẹ̀. Ẹranko tó ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wọn, wọn ò gbọ́dọ̀ fi ṣe ìran fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹranko igbó tó bá ti mọ èèyàn jù kò ní mọ bó ṣe ń sá fún èèyàn mọ́. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọmọláńgidi kòálà.

Ìyá àgbàlagbà kan àti ọkọ rẹ̀ la bá níbẹ̀. Orúkọ lásán ni wọ́n ní ká máa pè wọ́n, bí àṣà wọn ṣe rí, àmọ́ ẹnu wa ò gbà á. "Màmá" là ń pè é títí a fi kúrò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń dáhùn. Iná ti jó ilé tí wọ́n fi wáyà ṣe fún àwọn ẹranko, ó ku méjì. Ó jó òpó ọgbà, ó yọ́ táǹkì omi oníke títí ó fi tẹ́ sílẹ̀ bí ẹ̀kọ, ó jó àwọn igi tí wọ́n ti ń gé ewé fún kòálà jẹ. Ilé tí wọ́n ń sùn nìkan ló yọ. Ọdún kejì ti kọjá nígbà tá a dé, wọ́n ṣì ń ri òpó. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ nìyẹn: ká gbẹ́lẹ̀, ká ri òpó, ká na wáyà, ká fọ àpò aṣọ, ká palẹ̀ ìgbẹ́ mọ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹranko tá a fọwọ́ kàn ò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn náà torí pé Màmá nílò ẹni tó máa bá a di àpò mú ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìfẹ́ nìkan ló ń wo ẹranko sàn, ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe rí. Ọmọ kàngárù tí ìyá rẹ̀ kú, inú àpò aṣọ tí wọ́n so kọ́ ló ń gbé, kó lè dà bí àpò ikùn ìyá rẹ̀. Èyí tó bá kéré gan-an, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń fún un ní fídà, tọ̀sán-tòru. Wàrà màlúù kò bá a lára mu, ó lè yọ ọ́ nínú, ó sì lè ba ojú rẹ̀ jẹ́, wàrà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rà fún un. Ó lè ju ọdún kan lọ kó tó lè dá dúró. Ti kòálà tún yàtọ̀. Nígbà tí iná bá ń bọ̀, kòálà kì í sáré, òkè igi ló ń gùn sí, tó sì ń ká ara rẹ̀ jọ. Bí iná bá gba ìsàlẹ̀ kọjá tó sì yè, ìtì igi tó gbóná ló máa sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, eérú gbígbóná ló máa tẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń jó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ báńdéèjì, wọ́n sábà máa ní láti fi oògùn kùn ún lóorun. Bí èékánná rẹ̀ bá sì ti bà jẹ́ tí kò lè hù mọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́, torí kòálà tí kò lè gungi kò lè jẹun.

Ẹ wá wo èyí tó le jù. Ká ní gbogbo rẹ̀ yọrí sí rere. Egbò jiná, èékánná hù, ara kún. Ibo ni ẹ fẹ́ kó lọ? Ìlànà iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n dá ẹranko padà sí tòsí ibi tí wọ́n ti rí i, torí ibẹ̀ ló mọ̀. Ibẹ̀ kan náà ló jó. Yorùbá ní à ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀. Òròmọdìẹ là ń bú nínú òwe yẹn láti ọjọ́ yìí wá. Ní East Gippsland, òròmọdìẹ ló jàre. Ààtàn ni ilé rẹ̀, ààtàn ni oúnjẹ rẹ̀, ẹni tó bá sì gbà á lọ́wọ́ àṣá tí kò gba ààtàn lọ́wọ́ iná, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ewé ara ìtì igi tẹ́ ẹ rí lójú ọ̀nà yẹn kì í ṣe igbó. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní greater glider, ó máa ń fò láti orí igi kan dé orí òmíràn lóru, bí ẹni ta aṣọ sáfẹ́fẹ́. Inú ihò ara igi ló ń sùn lójú ọ̀sán. Irú ihò tó lè gba ẹranko bẹ́ẹ̀ kì í yọ lára igi kí igi náà tó lé ní 100 ọdún. Ẹ kà á dáadáa: ọgọ́rùn-ún ọdún. Igi tó hù lẹ́yìn iná ọdún 2020, ọmọ ọmọ wa ló máa rí ihò lára rẹ̀, bí iná míì ò bá dé kó tó dìgbà náà. Àwọn ará ibẹ̀ ń kan àpótí mọ́ igi kí ẹranko lè rí ibi fara pamọ́ sí. Iṣẹ́ rere ni, àmọ́ àpótí kì í ṣe igbó.

Ìdí nìyí tínú fi ń bí wa sí àwọn àṣà kan lórí ìkànnì.

Àkọ́kọ́ ni gbígbé ẹranko mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó bá dé Ọsirélíà, kò tíì rí yàrá tó máa háyà tó ti ń wá ibi tó máa ti gbé kòálà mọ́yà kí wọ́n yà á, kí àwọn ará ilé lè rí i pé ó ti dé òkè òkun. Kòálà ń sùn tó wákàtí 18 sí 20 lóòjọ́, torí ewé tó ń jẹ kò lókun nínú, agbára díẹ̀ tó ní ló ń ṣọ́ ná. Ìpínlẹ̀ New South Wales kò gbà kí àlejò gbé e. Lone Pine tó wà ní Brisbane, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1927, tí àwọn èèyàn sì ti ń gbé kòálà mọ́ra níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, fòpin sí i fúnra wọn lọ́dún 2024. Bí àwọn tó ń rí owó nídìí rẹ̀ bá lè jáwọ́, kí ló ń dun ẹni tó kàn fẹ́ ya fọ́tò?

Ìkejì ni irọ́ dídùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìtàn kan gbòde pé ẹranko tó ń jẹ́ wombat ń da àwọn ẹranko mìíràn bí olùṣọ́ àgùntàn, ó ń kó wọn sínú ihò rẹ̀ kí iná má bàa jó wọn. Ẹgbàágbèje ló pín in. Kò sí olùṣọ́ àgùntàn kankan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ihò wombat gùn, ó jìn, ó tutù, àwọn ẹranko kéékèèké sì ń sá wọ inú rẹ̀ fúnra wọn. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi kámẹ́rà ṣọ́ ẹnu irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú igbó tó jó, wọ́n sì rí oríṣiríṣi ẹyẹ àti ẹranko tó ń lò ó. Òótọ́ yẹn dùn ju irọ́ náà lọ, ó sì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́: ihò ló gbà wọ́n là. Bá a bá fẹ́ gbà wọ́n là lọ́jọ́ mìíràn, ihò la gbọ́dọ̀ dá sí. Àmọ́ irọ́ sọ ọ́ di ìtàn akọni, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó béèrè ta ló ni ilẹ̀ tí ihò wà.

Ìkẹta ni owó tí a fi ẹkún dá. Aláwàdà kan tó ń jẹ́ Celeste Barber bẹ̀rẹ̀ ìdáwó fún àwọn panápaná New South Wales, ó sì rí dọ́là Ọsirélíà tó lé ní mílíọ̀nù 51. Nígbà tí owó pọ̀ kọjá ohun tẹ́nikẹ́ni rò, àwọn tó dá a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí wọ́n mú lára rẹ̀ fún àwọn ẹranko. Ó di ilé ẹjọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, adájọ́ sọ pé kò ṣeé ṣe, torí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé owó náà wà fún kọ́ ni. A ò bá adájọ́ jà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe, owó náà sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn panápaná tí ó tọ́ sí. Àmọ́ ẹ wo ohun tó fi hàn: àìmọye èèyàn fowó sílẹ̀ láìka ohun tí wọ́n ń fowó sí, torí ọkàn wọn ń jó lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn Port Macquarie tó tọ́jú Lewis bẹ̀bẹ̀ fún 25,000 dọ́là, ohun tí ayé fún wọn lé ní mílíọ̀nù 7. Ó dáa bẹ́ẹ̀, inú wa dùn sí i. Àmọ́ ilé kéékèèké tí kò ní fídíò, bíi ti Màmá, owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra wàrà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kì í ṣe iye ẹranko tó wà níbẹ̀ nìkan. Kámẹ́rà ni.

A mọ̀ pé ẹnì kan ti ń kọ èsì báyìí: "Ẹ̀yin aláàánú kòálà, èèyàn ń kú nílé, ebi ń pa wá, iná mànàmáná ò sí, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ẹranko òyìnbó." Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a ò ní fọ́n ọn dànù. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọ́kọ́, iná tó jó kòálà ló jó èèyàn. Yàtọ̀ sí èèyàn 33 tí iná pa, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣírò rẹ̀ pé èéfín rẹ̀ nìkan fa ikú èèyàn tó lé ní 400. Igbó ò lè máa jó kí ìlú máa gba atẹ́gùn tútù. Ìkejì, ta ló sọ pé ẹni tó bá ṣàánú ẹranko ti ná àánú èèyàn tán? Àánú kì í ṣe garawa omi tá a bá bù fún ajá tí ọmọ ò ní rí mu. Nínú ìrírí wa, àwọn tó ń kọ irú èsì yẹn ṣọ̀wọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń dáwó fún èèyàn pẹ̀lú.

Ìkẹta, ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà sí ilé tó bí ẹ ṣe rò. Ní ìgbà ọyẹ́, bí iná bá mú igbó nílẹ̀ wa, kí là ń mú dání lọ síbẹ̀? Kùmọ̀ àti àdá ni. Àwa ọmọdé a dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí igbó kò tíì jó, à ń dúró de òkété àti ọ̀yà tó ń sá jáde pẹ̀lú irun tó ti rùn. Ẹlòmíràn a tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ tiná bọ igbó nítorí ẹran kan péré. Ọdẹ àtijọ́ ń pa ẹran, kò sẹ́ni tó máa parọ́ fún yín pé kò pa á. Àmọ́ ọdẹ kan náà ló ń fi ìjàlá ki ẹran tó pa, ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ìrìn rẹ̀, ó mọ igi tó ń sùn sí. Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ oríkì ohun tó ti tán. Àwọn tó ni ilẹ̀ Ọsirélíà kí òyìnbó tó dé náà mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Iná kékeré, iná tútù, ni wọ́n máa ń dá sí igbó ní àsìkò rẹ̀, kí koríko gbígbẹ má bàa kó jọ di ohun tí iná ńlá máa fi ṣe oúnjẹ. Wọ́n gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá kọ́ àwọn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ ìjọba, torí ibẹ̀ ni ẹrù náà ti wúwo jù. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà kéde pé kòálà ti wà nínú ewu ìparun ní Queensland, New South Wales àti agbègbè olú ìlú wọn. Lẹ́yìn ìkéde náà, wọ́n ṣì ń gé igbó lulẹ̀ fún oko màlúù àti ilé kíkọ́. Orílẹ̀-èdè náà sì wà lára àwọn tó ń ta èédú jù lọ láyé, èédú tí èéfín rẹ̀ ń mú kí ayé gbóná, kí igbó sì gbẹ. Ẹnu tó ń kéde ewu ni ọwọ́ rẹ̀ ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé àmì ẹ̀yẹ fún àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, wọ́n á pè wọ́n ní akọni. Ẹ ṣọ́ra fún ìjọba tó bá ń pe yín ní akọni. Ó fẹ́ kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé à ń sọ àsọdùn, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Budj Bim, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Victoria, lọ́dún 2025. Iná tí mànàmáná ojú ọ̀run dá jó bíi 2,200 hẹ́kítà igbó ibẹ̀. Àwọn kòálà tó yè kò rí ewé jẹ. Ìjọba gbé àwọn tó mọ ìbọn yìn sínú hẹlikópítà, wọ́n sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀ lára wọn láti òkè. Wọ́n ní àánú ni, torí iná ti bó wọn, ebi sì ń pa wọ́n. A ò ní sọ pé ẹranko tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ kò yẹ ní ìdásílẹ̀. Ohun tá à ń béèrè ni pé kí ló dé tí kò fi sí ibòmíràn tí wọ́n lè sá lọ? Ìdí ni pé oko àti igi tí wọ́n gbìn fún títà ló yí igbó náà ká, ó ti dà bí erékùṣù. Bí erékùṣù bá jó, ta ló máa rí ibi sá sí? Ìbọn ni ìparí ọ̀rọ̀ tí àáké bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, a ò wá sọ̀rọ̀ àìnírètí. Ìjọba Victoria ti ní in lọ́kàn pé ọdún 2030 làwọn máa tó fòpin sí gígé gẹdú nínú igbó àdánidá tó jẹ́ ti ìjọba. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024 ló padà dópin. Kí ló yí i padà? Kì í ṣe fídíò. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ará ìlú, tó fi mọ́ àwọn ará East Gippsland, ló gbé ilé iṣẹ́ gẹdú ìjọba lọ sí kóòtù, wọ́n ní wọn ò wá ẹranko tó ń fò lóru yẹn dáadáa kí wọ́n tó gé igi tó ń gbé. Kóòtù dá wọn láre lọ́dún 2022. Àwọn tó jà yìí fi òru rìn nínú igbó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ka ojú ẹranko tó ń tàn lórí igi, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún lé ọdún. Ẹranko tí ọ̀pọ̀ yín ò tíì rí àwòrán rẹ̀ rí ló gba igbó tí kòálà náà ń gbé sílẹ̀. Bí àánú tó dàgbà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó máa ń súni, ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń ṣẹ́gun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dá ẹkún dúró, ẹ fún un níṣẹ́ ṣe. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fún ilé ìtọ́jú kan lówó, ẹ fún un ní oṣù kẹwàá lẹ́yìn iná, nígbà tí kò sẹ́ni tó rántí, ẹ sì ka ohun tí owó náà wà fún kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Bẹ́ ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ béèrè iṣẹ́, ẹ má béèrè ẹranko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọsirélíà, ẹ dẹ eré ọkọ̀ yín nígbà ìrọ̀lẹ́, torí àsìkò yẹn ni kàngárù àti wombat ń sọdá títì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ọmọ onílùú níbẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tọrọ ìbò yín léèrè nípa igbó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ kọjá láìsí ìṣáná lọ́wọ́ yín. Kí fídíò tó kàn tó dé, ẹ wá ìparí ti ìṣáájú.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Egbò ọwọ́ kòálà ni làpálàpá, ó sì yẹ ká tọ́jú rẹ̀. Igbó tó ń tán lọ ni ẹ̀tẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ó jẹ igbó náà tán, ọjọ́ ń bọ̀ tí ilé ìtọ́jú máa wà, tí báńdéèjì máa pọ̀, tí wàrà máa kún fìrísà, tí ara ẹranko máa yá pátápátá, tí a ó wá ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ sílé, tí kò ní sí ilé.